Wọ́n ní èdè ìyá wa ló ń jẹ́ kí ọmọ fìdí rẹmi

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Lọ́jọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó kù, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wa kà á, a ṣe háà, a sì fi ìka yí ojú fóònù lọ síbòmíràn. Èmi ò tíì kúrò lórí ẹ̀.

2/ Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Yorùbá gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì ò tíì kúrò nílé ìwé. Ohun tí wọ́n fagi lé ni pé kí tíṣà fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, kó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, kó fi ṣàlàyé gbogbo ohun yòókù. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Nínú ilé kan náà, àlejò tí wọ́n fún ní yàrá kan ò lè rí bákan náà pẹ̀lú onílé.

3/ Ìlànà wo gan-an là ń sọ? Ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà. Ó ní kí èdè tí wọ́n ń sọ ládùúgbò ilé ìwé jẹ́ èdè ìkọ́ni láti pírámárì kìíní dé ìkẹfà. Mínísítà ìgbà náà sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ó máa gba àkókò, torí wọ́n ṣì máa ṣe ìwé, wọ́n ṣì máa wá tíṣà. Ọdún mẹ́ta ò tíì pé tí wọ́n fi pa á.

4/ Ibo ni wọ́n ti fẹnu kò láti pa á? Àkúrẹ́ ni o. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ṣèpàdé ẹlẹ́ẹ̀kọkàndínláàádọ́rin rẹ̀ níbẹ̀, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, 2025. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n jókòó sí. Ọmọ Yorùbá ni mínísítà. Torí náà, kí a má wulẹ̀ wá Hausa tàbí òyìnbó tí a máa di ẹ̀bi rù. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

5/ Kí ni wọ́n ní ó fà á? Mínísítà ní àwọn agbègbè tó ti lo èdè ìyá jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, ẹ lè fi Yorùbá ṣe é, ibì kan náà la máa já sí.

6/ Ká ní ilé ìwé kan tiẹ̀ mú ìlànà 2022 yẹn lò lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó wọ pírámárì kìíní ní oṣù kẹsàn-án 2023, pírámárì kẹta ló wà lọ́jọ́ tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sípẹ́lì WAEC, ká má tíì sọ pé ó jókòó kọ ọ́. Ọmọ tó kọ WAEC ní 2025, nǹkan bí ọdún 2013 ló wọ pírámárì. Báwo wá ni ìlànà 2022 ṣe lọ fa ọmọ 2013 lẹ́sẹ̀ ṣubú?

7/ Mo mọ èsì tẹ́ ẹ máa fún mi: ìlànà àtijọ́ kan ti wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí wọ́n fi èdè ìyá bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ̀ lé e? Ilé ìwé aládàáni ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọmọ káàbọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ti ìjọba, ìwé ìlànà ń sọ Yorùbá, ìwé ìṣirò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Oògùn tí aláìsàn ò mu, wọ́n ní òun ló pa á.

8/ Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tójú wa rí lọ́dún 2025 yẹn? Ní oṣù karùn-ún, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún lójú kámẹ́rà. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn ló ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún un ṣe.

9/ Oṣù kẹjọ dé, ó kan WAEC. Wọ́n kọ́kọ́ ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló rí kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní àṣìṣe ti wọ máàkì táwọn fún wọn, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Àwọn ọmọ kan náà ni o, ìwé kan náà ni wọ́n kọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣì í, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ṣì í. Nígbà tí ìjọba ò bá kọ́ kíláàsì, tí kò gba tíṣà, wọ́n á ní Yorùbá ló jẹ̀bi.

10/ Ohun tó dùn mí jù rèé. Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó jẹ́ àríyànjiyàn mọ́, torí a ti dán an wò, ilẹ̀ wa níbí náà la ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nílé ìwé St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló gbé owó kalẹ̀.

11/ Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Apá kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú. Apá kejì ṣe é bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún iṣẹ́ náà: ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá.

12/ Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun. Wọ́n ṣe dáadáa tó àwọn yòókù, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n tún ta wọ́n yọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì náà ńkọ́? Wọn ò gbẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde níwèé ní 1989. Nígbà tó yá, Fafunwa fúnra ẹ̀ ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Torí náà, inú ilé iṣẹ́ ìjọba kan náà tó ń pariwo pé èdè ìyá ń ba ọmọ jẹ́ ni ọkùnrin tó ti fìdí òdìkejì ẹ̀ múlẹ̀ jókòó sí rí.

13/ Ẹ wá jẹ́ ká kúrò ní Ifẹ̀, ẹ tẹ̀ lé mi wá sí Òtu. Àwa ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbí: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí. Ọmọ tó ń wọ pírámárì kìíní lọ́dọ̀ wa, Yorùbá ló gbé wá látilé. Gẹ̀ẹ́sì tó máa gbọ́ lóòjọ́, ẹnu tíṣà nìkan ló ti máa gbọ́ ọ. Tí agogo bá ti lù pé kí wọ́n máa lọ sílé, Gẹ̀ẹ́sì ti lọ nìyẹn, ó di ọ̀la.

14/ Ọmọ Lẹ́kí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ìyá, lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ọkọ̀. Ọmọ Òtu ò gbọ́ ọ. Ìdánwò kan náà ni wọ́n máa kọ. Tí wọ́n bá wá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó fi la ilẹ̀kùn ìmọ̀, ọmọ Lẹ́kí ti ní kọ́kọ́rọ́ kó tó délé ìwé. Ọmọ tiwa á kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́fà láti rọ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó bá fi rọ ọ́ tán, wọ́n ti kọ́ ohun tó wà nínú yàrá tán.

15/ Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Photosynthesis. Ẹ wọ kíláàsì èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ ọ bí orin, gbogbo wọn á kà á lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á dọ́gba, ó dùn létí. Ẹ wá bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló túmọ̀ sí. Ilé á pa rọ́rọ́.

16/ Kí tíṣà wá sọ pé: "Ewé ni ilé ìdáná igi. Oòrùn ni iná tó fi ń dáná. Omi tí gbòǹgbò fà wá látinú ilẹ̀ àti atẹ́gùn tí ewé ń fà símú ni èèlò tó fi ń se é." Ẹ ó rí ọmọ kan tó máa nawọ́: "Tíṣà, ṣé ìdí tí àgbàdo abẹ́ igi emi oko wa kì í fi yọmọ dáadáa nìyẹn?" Ìbéèrè onísáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn. Ọmọ tó ń fi photosynthesis kọrin ò lè bi í láéláé, torí kò mọ̀ pé oko bàbá òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀.

17/ Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ìkéde Àbújá ò lè lé Yorùbá kúrò ní kíláàsì Òtu. Tíṣà tó bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ òun yé á ṣáà yí i sí Yorùbá. Ohun tí ìkéde yẹn lè ṣe ni pé kò ní sí ìwé fún un, kò ní sí owó fún un, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa. Tí alábòójútó bá wá já wọlé lójijì, tíṣà á sáré padà sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ ẹni di olè jíjà.

18/ Àwọn kan ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó bá jinlẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má sọ ìyẹn ní Òkè-Ògùn. Òsoògùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn níbí, ni wọ́n bí Samuel Ajayi Crowther sí. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, ọmọdé ni nígbà náà. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Sierra Leone, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ní 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tó fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, òun ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà.

19/ Èdè tó rí ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìran tó wà nínú Ìwé Ìfihàn, ẹ wá ń sọ fún mi pé ìdájì àti ìdá mẹ́rin ló máa ṣòro fún un? Láti 2018 ni BBC Yorùbá ti ń fi Yorùbá ròyìn àìsàn, òfin, ogun àti ọrọ̀ ajé fún wa lójoojúmọ́, ó sì ń yé wa. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lédè tí wọ́n bá ń lò. Ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀ lójò fún ọdún kan, ẹ wò ó bóyá kò ní dípẹtà.

20/ Ó kan àwa tá à ń pe ara wa lóǹkọ̀wé náà o. Lọ́jọ́ 28, oṣù karùn-ún, 2025, Ngũgĩ wa Thiong'o kú lẹ́ni ọdún 87. Gbogbo wa la gbé fọ́tò ẹ̀ sókè. Ọkùnrin tó kọ Decolonising the Mind ní 1986, tó fi èdè Gĩkũyũ kọ odindi ìwé ìtàn sórí bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. A ní akọni lọ. Oṣù mẹ́fà ò tíì pé lẹ́yìn ikú ẹ̀, ìjọba tiwa ṣe òdìkejì gbogbo ohun tó fi ayé ẹ̀ jà fún, ojú ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkú ọ̀nà jíjìn là ń sun, tilé ń kú lọ lójú wa.

21/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó korò: ta ló máa ka ìwé wa? Àwọn tó sọ Fágúnwà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pàdé ẹ̀. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, torí àwọn tó ti kà á ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Tí ọmọ bá dàgbà tí kò fi Yorùbá kọ́ ohun pàtàkì kan rí, kò ní gbà pé ohun pàtàkì kan lè wà nínú ìwé Yorùbá. Kí ló fẹ́ fi owó ẹ̀ rà á fún?

22/ Mo gbọ́ ohùn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ tó fi ń sanwó ilé ìwé aládàáni. Ó ní, "Ọmọ mi gbọ́dọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, torí mo rí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn ní ọ́fíìsì." Mi ò bá a jà. Ó ríran. Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó oṣù, ó ń gba físà. Ohun tí mò ń sọ fún un ni pé àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ò tíì gbọ́ kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, wọ́n kì í di ẹrù lé e lórí kí wọ́n tó jù ú sódò.

23/ Ẹnì kan tún máa ní: ọmọ Fúlàní tó wà ní gáà ńkọ́? Ọmọ Bàrìbá ńkọ́? Àwa gan-an tá à ń sọ Òǹkò nílé, ṣé Yorùbá inú ìwé ni tiwa? Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fò ó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá gba ẹnu ọmọ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì gba tiwa. Níbi tí ọmọ Fúlàní bá pọ̀ sí, kí Fúlàní ní tíṣà àti ìwé tiẹ̀. Àmọ́ láti Òǹkò dé Yorùbá inú ìwé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Láti Òǹkò dé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa wọkọ̀.

24/ Ẹ sì wo àwọn aládùúgbò wa. Láti Ṣakí sí ẹnubodè Benin ò jìnnà. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ṣábẹ̀ ń fi Faransé kọ́ ẹ̀kọ́, àwa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ. Ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n bá dé ọjà máa fi Yorùbá nájà, tí wọ́n bá gbé ìwé wọn pàdé, ọ̀kan ò ní lè ka tèkejì. Ní Tanzania, Kiswahili ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ jákèjádò pírámárì ìjọba. Ayé ò tíì wó lé wọn lórí.

25/ Kí la fẹ́? Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ má fara pamọ́ sẹ́yìn Àbújá. Àbújá kọ́ ló ń san owó oṣù tíṣà pírámárì wa. Èkó ti ṣòfin Yorùbá tiwọn láti 2018. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí tiẹ̀ fàyè gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè ìbílẹ̀ jíròrò. Ilé tó lè fi Yorùbá ṣòfin, kí ló dé tí kò lè ṣòfin fún Yorùbá?

26/ Ìkejì, ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn, kí wọ́n tún un tẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan nínú àpótí bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé ẹ̀ ní fọ́tò, ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkẹta, Gẹ̀ẹ́sì: kí wọ́n gba tíṣà tó gbọ́ ọ dénú sí àwọn ilé ìwé wa, títí dé Ìpàpó àti Ọ̀kákà, kó jẹ́ iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, kó fi gbogbo agbára kọ́ ọ.

27/ Ìkẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí, kò nílò òfin, kò nílò owó. Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín, ẹ bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, kó sì fi èdè ilé ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Tó bá ṣàlàyé ẹ̀ tó yé yín, ó ti mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tó há sórí nìkan ló lè kà fún yín, kò tíì mọ nǹkan kan, kódà kí wọ́n fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹ gbé ìwé ẹ̀ dání lọ bá tíṣà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ fi Yorùbá bá a sọ ọ́.